Ẹni Tó Gẹṣin, Ilẹ̀ Ló Ń Bọ̀

Ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí mọ̀ pé gígùn nìkan kọ́ ni ìmọ̀ ẹṣin. Bíbọ́ sílẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún kẹ̀kẹ́ ológeere, pàápàá fún pẹ́dáàlì tó ń gbá bàtà mú, èyí tí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú nílùú Èkó ń du ara wọn láti rà báyìí. Kí èèyàn tó béèrè bí pẹ́dáàlì ṣe ń di ẹsẹ̀ mú tó, ó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè bó ṣe ń tú u sílẹ̀. Ó ń dùn mí pé ìbéèrè yẹn ti kúrò lẹ́nu wa.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1971, ilé-iṣẹ́ Cinelli ní Ítálì gbé ọ̀kan jáde tí wọ́n pè ní M71. Ó ń di bàtà mú dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ yọ ẹsẹ̀ ní láti bẹ̀rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, kó fi ọwọ́ ṣí i. Kò gbilẹ̀. Ọdún 1984 ni ilé-iṣẹ́ LOOK ti ilẹ̀ Faransé gbé tiwọn dé, òun ni ayé sì gbà. Ohun tí wọ́n fi ń de bàtà mọ́ igi tí àwọn ará ilẹ̀ olótùútù fi ń yọ̀ lórí yìnyín ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀; wọ́n mọ̀ pé bí ẹni náà bá ṣubú tí ìdè náà kò tú, egungun lè kán. Ìmọ̀ títú yẹn ni wọ́n gbé wá sórí kẹ̀kẹ́: yí gìgísẹ̀ sóde, ẹsẹ̀ á jáde. Òun ni Bernard Hinault, eléré ìje kẹ̀kẹ́, lò tó fi gba ìje Tour de France lọ́dún 1985.

Ẹ wá wo ohun tí à ń ṣe lónìí. Àwọ̀ la fi ń ra ọjà. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan ìdí tó fi ra cleat pupa, ìyẹn ike tí wọ́n ń fi síkírù mẹ́ta dè mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, pupa ló bá kẹ̀kẹ́ mi mu. Òun náà làwọn tó ń sáré ìje ń lò.” Pupa! Nínú ti ilé-iṣẹ́ Shimano, pupa kì í mira rárá. Búlúù ń fún ẹsẹ̀ láàyè ìwọ̀n digirí 2 láti yí, yẹ́lò ń fún un ní 6. Nínú irú ti LOOK tí wọ́n ń pè ní Keo ńkọ́? Dúdú ni kò mira, aláwọ̀ eérú ní 4.5, pupa ló wá fẹjú jù, ó ní 9. Ẹni tó ń fi ojú ra pupa kò mọ èwo ló rà. Bẹ́ẹ̀ orúnkún kì í dọ́gba. Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ń ṣí sóde díẹ̀ bó ti ń tẹ̀ ẹ́; tí ike bá dì í pa sójú kan, orúnkún ni yóò san gbèsè náà. Ohun tó yẹni ló yẹni, okùn ọrùn kò yẹ adìyẹ.

Ọmọ yìí tún ti fún síkírù ẹ̀yìn pẹ́dáàlì, èyí tó ń pinnu bí ìdè ṣe le tó, dé góńgó, torí wọ́n sọ fún un pé èyí tó bá dẹ̀ máa ń já bọ́. Lọ́nà Ọbáléndé, dáńfó kan dúró lójijì láti gbé èrò. Ó tẹ bíréèkì. Dípò kó yí gìgísẹ̀ sóde, ó ń fa ẹsẹ̀ sókè. Ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójú títì, ẹsẹ̀ méjèèjì ṣì wà nínú ìdè. Ọlọ́run ló bá wa di ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn mú. Okùn bàtà rẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ tú kó tó lè dìde. Bàtà ọ̀tún ṣẹ́ kù sórí pẹ́dáàlì.

Kí ni àwọn ẹ̀gbọ́n tó yí i ká ṣe? Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Káàbọ̀ o! Gbogbo wa la ti ṣubú.” Ọ̀rọ̀ yìí ló ń bí mi nínú jù. A ti sọ ìṣubú di ayẹyẹ ìwọlé, bí ẹni pé ojú títì Èkó mọ ẹni tó ń ṣeré. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nígbà tí èmi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo pẹ́dáàlì yìí, ara ògiri ni ẹni tó kọ́ mi fi mí sí. Ó kọ́kọ́ tú síkírù náà títí ó fi dẹ̀ pátápátá. Ó ní kí n ti ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́, kí n yọ ọ́. Kí n ti ìkejì bọ̀ ọ́, kí n yọ ọ́. Kò jẹ́ kí n fi ọwọ́ kúrò lára ògiri títí ẹsẹ̀ mi fi mọ̀ ọ́n ṣe láìjẹ́ pé mo rò ó. Ta ló ń ṣe sùúrù bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn mọ́?

Kì í sì í ṣe orí kẹ̀kẹ́ nìkan. Ayé wa ti di ayé kó-sí-i. Èèyàn á yá owó lórí fóònù láìka èlé. Á ti ọwọ́ bọ̀wé ilé tí kò rí. Á ra aṣọ ẹbí tí yóò fi oṣù mẹ́ta san, kí ẹgbẹ́ má baà fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà là ń wò, a kì í wo ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́ tí wàhálà bá dé, gbogbo ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ á ti lọ sílé wọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí pẹ́dáàlì. Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó ra irú SPD tí Shimano gbé jáde lọ́dún 1990: síkírù méjì, irin kékeré tó wọnú ìsàlẹ̀ bàtà, tí èèyàn fi lè rìn láìyọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gba ẹsẹ̀ lójú méjèèjì, èèyàn kò ní máa wolẹ̀ wá a láàárín ọkọ̀. Cleat kan tún wà tí wọ́n ń pè ní SH56, tó ń tú sí ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ. Ìlú tí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ nítorí kòtò àti àgbàrá, bàtà tó ṣeé rìn ṣe pàtàkì níbẹ̀. Tó bá dọjọ́ tí o fẹ́ ike onísíkírù mẹ́ta, bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó fún orúnkún láàyè. Bó bá sì ti jẹ létí nítorí ìrìn, pàrọ̀ rẹ̀. Èyí tó ti jẹ kì í dì dáadáa, kì í sì í tú dáadáa.

Tó o bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta tòkunbọ̀, má ṣe bi í léèrè ẹni tó fi í gba ife. Sọ fún un pé kó bá ọ di kẹ̀kẹ́ mú, kó o wọ̀ ọ́, kó o yọ ọ́ níṣojú rẹ̀. Bí kò bá gbà, kó owó rẹ padà sápò. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ń ṣáájú wa lọ́jọ́ Àìkú, ẹ má jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì mọ ẹsẹ̀ yọ bá yín dé ojú títì. Ògiri pọ̀ nílùú Èkó.