Ta Ló Ń Ṣọ́nà Nígbà Tí Atukọ̀ Bá Sùn?

Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, Boris Herrmann, atukọ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ti lo nǹkan bí ọjọ́ 80 lórí òkun lóun nìkan. Ìdíje Vendée Globe ló wà, èyí tí wọ́n fi ń yí ayé po nínú ọkọ̀ onígbòkun láì dúró níbì kankan. Ó kù nǹkan bí 90 máìlì kó dé èbúté Les Sables-d'Olonne ní ilẹ̀ Faransé. Ó ní kóun rẹjú díẹ̀. Ìgbà tó máa lajú, ọkọ̀ rẹ̀ àti ọkọ̀ apẹja kan ti kọlu ara wọn. Ẹnikẹ́ni ò kú, ó sì parí eré náà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yẹn ní radar, ó tún ní kámẹ́rà AI lókè òpó ìgbòkun. Ó ní kò sí àláàmù kankan tó jí òun.

Àwa tí a ń kọ sọ́fíwíà ò gbọdọ̀ ka èyí sí ìròyìn eré ìdárayá lásán.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kámẹ́rà kan ń wo ìmọ́lẹ̀, èkejì ń wo ooru kó lè ríran lóru. Kọ̀ǹpútà tí a ti fi àìmọye àwòrán kọ́ á wá fún ohun kọ̀ọ̀kan tó bá rí ní máàkì: báwo ló ṣe dájú tó pé ọkọ̀ nìyí? Tí máàkì náà bá kọjá iye kan, àláàmù á dún. Ta ló yan iye yẹn? Ẹnì kan tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ni, tí tíì rẹ̀ ń tutù lọ. Tó bá fi í sísàlẹ̀, gbogbo ìgbì ló máa di ọkọ̀. Atukọ̀ tó ń sun oorun ogún ìṣẹ́jú á bínú, á pa á. Tó bá gbé e sókè, atukọ̀ á sùn dáadáa, ẹ̀rọ ò sì ní ka ọkọ̀ kékeré sí. Níbi iṣẹ́, "tuning" là ń pè é, bí ẹni ń yí rédíò. Ká má parọ́ fúnra wa o: ewu là ń pín fún èèyàn méjì, ọ̀kan nínú wọn ò sì sí níbẹ̀ nígbà tí a ń pín in.

Òfin àgbáyé ọdún 1972 lórí ìkọlù ọkọ̀ lójú òkun ní kí gbogbo ọkọ̀, nígbà gbogbo, máa fi ojú àti etí ṣọ́nà, pẹ̀lú gbogbo irinṣẹ́ tó bá wà. "Pẹ̀lú" ni, kì í ṣe "dípò". Ẹni tó ń dá tukọ̀ fún oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ sùn, a mọ̀. Ara kì í ṣe òkúta. Òun ló ṣáà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Apẹja tó ń fa àwọ̀n lóru ò forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje kankan, oúnjẹ ọmọ ló ń wá.

A ò sọ pé kí wọ́n yọ kámẹ́rà. Kì í tòògbé, ó sì lè rí kọ̀ntéénà tó ń léfòó lójú omi. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi hàn án ló mọ̀. Ọkọ̀ onígi àwọn apẹja Ìlàjẹ ò ga lórí omi rárá. Tí irú rẹ̀ ò bá sí nínú àwòrán tí a fi kọ́ ẹ̀rọ náà, máàkì wo ló máa fún un láàárín ìgbì?

Ní tiwa o, ẹ fi iye yẹn sísàlẹ̀. Ó sàn kí àláàmù ké lásán lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí oorun atukọ̀ bàjẹ́, ju kó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan tí ọkọ̀ wà níwájú. Tí atukọ̀ bá sì pa á, kí ẹ̀rọ kọ àkókò tó pa á sílẹ̀, kí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kejì lè béèrè.