Bí Àwòrán Bá Tóbi Ju Ẹni Tó Ni Ín Lọ

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan, ẹ má sì kánjú dá mi lóhùn. Bí ènìyàn bá tún ojú ara rẹ̀ ṣe kí ayé lè rí i dáadáa, èwo ló burú níbẹ̀? Mo ní kò sí. Àwọn baba wa náà ń wẹ̀, wọ́n ń kun osùn, wọ́n ń wọ àrán kí wọ́n tó jáde síta. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ojú tí a tún ṣe ń di ọ̀gá fún ẹni tó tún un ṣe? Ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè mi wà. Ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti ọmọ àbúrò mi ló fà á.

Àkúrẹ́ ni ọmọbìnrin yìí ń gbé. Ó ń ránṣọ, ó sì ń wé gèlè fún àwọn ìyàwó ojú ọ̀nà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Arákàlẹ́, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló sì ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo yà kí i, ó na fóònù rẹ̀ sí mi, ó ní, "Dádì, ẹ wò mí." Mo wò ó. Àwòrán òun fúnra rẹ̀ ni, ó wé gèlè aṣọ òkè tó dúdú bí etù, ojú rẹ̀ gba fóònù láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Mo ní, "Èyí mà tóbi o! Báwo lo ṣe rí i ṣe?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe àwòrán kan, mẹ́sàn-án ni.

Bó ṣe rí nìyí fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Instagram, tó jáde ní ọdún 2010, máa ń to àwòrán sórí pèéjì ènìyàn ní mẹ́ta mẹ́ta lórí ìlà. Èyí tó bá dé kẹ́yìn ló máa ń wà lókè pátápátá, lọ́wọ́ òsì. Ẹni tó bá fẹ́ àwòrán ńlá yóò gé fọ́tò kan sí mẹ́sàn-án bí ẹni ń gé búrẹ́dì, yóò wá máa gbé e síbẹ̀ láti ẹ̀yìn wá: igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ni yóò kọ́kọ́ gbé, igun òkè lọ́wọ́ òsì ni yóò gbé kẹ́yìn. Bí kò bá ṣìṣe, gbogbo rẹ̀ yóò so pọ̀ di ojú kan ṣoṣo. Ẹni tó bá wá sí pèéjì náà yóò rí odindi ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sílé ara rẹ̀, tí àwọn ègé náà ń wọlé tọ̀ wá lọ́kọ̀ọ̀kan, etí kan ló máa rí láàárọ̀, àbọ̀ imú lọ́sàn-án, èjìká lálẹ́.

Wàhálà ibẹ̀ nìyí o. Bí o bá fi ẹyọ kan péré kún un, gbogbo rẹ̀ ló máa sún. Èyí tó wà ní ìparí ìlà yóò já bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tó tẹ̀ lé e, ojú yóò ya sọ́tọ̀, ẹnu yóò ya sọ́tọ̀. Àfi kí o gbé mẹ́ta síbẹ̀ kí ìlà lè pé, tàbí kí o má gbé nǹkan kan síbẹ̀ mọ́.

Mo ní, "O wá di ẹni tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ ẹyọ kan?"

Ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ n gbádùn ara mi jàre." Àwa méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín.

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi kú ní Oǹdó. Màmá Oǹdó ni gbogbo ọmọ ẹbí ń pè é. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Odòjọ̀mù ni ọmọ tí mo ń wí yìí gbé fún ọdún mẹ́fà tó fi ka ìwé girama. Òun ló kọ́ ọ ní gèlè wíwé, níwájú dígí, láàárọ̀ Sunday kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó kú, kò sí ẹni tí kò gbé fọ́tò rẹ̀ síta nínú ẹbí. Mo wá ṣí pèéjì ọmọ yìí. Gèlè ńlá ṣì wà níbẹ̀, ó ń dán yinrin. N kò rí Màmá.

Mo pè é. Ó ní, "Mo ti gbé e sí Story, Dádì. Àwọn ènìyàn rí i."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ohun tí a bá gbé sí Story, wákàtí 24 ló ń lò, á sì pòórá. Mo ní, "Ọdún mẹ́fà ló fi bọ́ ọ. Wákàtí 24 lo fún un."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ má bínú, Dádì. Bí mo bá gbé e sórí pèéjì, àwòrán yẹn á túká. Òun ló ń mú oníbàárà wá fún mi láti Èkó títí dé Àbújá. Ọjà ni mò ń tà níbẹ̀, kì í ṣe ilé òkú. Ṣé orí fóònù ló yẹ kí n ti máa sunkún Màmá ni?"

Inú bí mi, mo pa fóònù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara mi rọlẹ̀, mo rí i pé òótọ́ kún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ yìí ló sùn lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ẹ̀gbọ́n mi fún òru mẹ́rin nígbà àìsàn. Àwọn kan wà nínú ẹbí tí wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ síta pẹ̀lú omijé lóríṣiríṣi, tí wọn kò yà kí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọdún márùn-ún. A kì í fi fọ́tò wọn ìfẹ́. Bí a bá sì ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹni tó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin kò gbọdọ̀ ti ìlẹ̀kùn oúnjẹ.

Mo tún pè é lálẹ́ láti tọrọ àforíjì. Mo wá bi í pé, "Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, ṣé o fẹ́ gbé e síbẹ̀ ni àbí o ò fẹ́?"

Ó ní, "Mo fẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti mú fọ́tò náà láti gbé e. Bí mo bá ti rántí pé á dà á rú, ọwọ́ mi á kọ̀ ọ́."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gún mi lọ́kàn nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé kò fẹ́ ni, tirẹ̀ ni, kò kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó fẹ́, àwòrán kò sì gbà fún un. Ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ló di ọwọ́ náà mú. Ọjà gan-an mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́: bí ààfin Déjì bá kéde pé kí ọjà wà ní títì nítorí ọdún ìbílẹ̀, ọmọ yìí a ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí àwọn yòókù, ebi kì í pa á kú. Ohun tí ọ̀rọ̀ ọba lè ṣe sí ṣọ́ọ̀bù, ikú ìyá kò lè ṣe é sí àwòrán.

Ẹ wo ògiri pálọ̀ àwọn àgbà wa. Òun ni pèéjì tiwọn. Nínú pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, òkè lọ́hùn-ún lábẹ́ àjà ni àwọn fọ́tò wà, wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tó ń wo àlejò. Ti ìgbéyàwó wà níbẹ̀, ti ọmọ tó gbàwé ẹ̀rí ní Adéyẹmí wà níbẹ̀, ti bàbá wa nínú agbádá wà láàárín. Bí ẹnìkan bá kú tàbí tí ẹnìkan bá gbàwé ẹ̀rí, wọn a kan ìṣó mìíràn, wọn a sún àwọn tó kù. Ìlà kì í gún mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ọ rí pé ẹnìkan ní kí wọ́n má gbé fọ́tò òkú kọ́ nítorí pé yóò ba títò jẹ́.

Ọ̀rọ̀ gígé àti síso àwòrán pàápàá kì í ṣe tuntun láàárín wa. Ní ọdún 1978, òyìnbó Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ̀wé nípa iṣẹ́ àwọn onífọ́tò Yorùbá, ó sì sọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò a ya èyí tó kù, a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ jókòó. Bí wọ́n bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, wọn a wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, wọn a yà á. Wọn a tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọn a tún yà á. Àwòrán tó jáde yóò wà nílé bí ère ìbejì ti máa ń wà.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: fọ́tò yẹn kì í ṣe bí nǹkan ṣe rí gan-an. Ọmọ kan ni, wọ́n sì sọ ọ́ di méjì. Síbẹ̀ n kò lè pè é ní irọ́. Nítorí kí ni? Nítorí pé wọ́n gé àwòrán kí ẹni tó ti lọ lè rí ààyè jókòó sí. Èyí tí ọmọ mi ṣe, wọ́n gé àwòrán, ẹni tó lọ kò sì rí ààyè. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyí: ọ̀kan ń sin ènìyàn, èkejì ni ènìyàn ń sìn.

Ẹ má sì gbàgbé ìtàn Oǹdó fúnra rẹ̀. Wọ́n ní Ọba Púpùpú, obìnrin tó kọ́kọ́ jọba nílùú náà, ọ̀kan nínú ìbejì ni. Èèwọ̀ ni ìbejì láyé ìgbà yẹn, ni wọ́n bá mú àwọn ọmọ náà àti ìyá wọn kúrò láàfin tí wọ́n bí wọn sí. Àwọn tí kò bá títò ààfin mu ló wá di ìlú ńlá lónìí.

Nǹkan mìíràn tún wà tó yẹ kí ẹni tó ń to àwòrán ńlá rántí: ògiri náà kì í ṣe tirẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àwọn tó ni Instagram yí ojú pèéjì padà. Àwọn ègé tó ti ń dọ́gba nígùn nínú wá di gígùn sókè. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti gé àwòrán wọn sí ìwọ̀n àtijọ́ káàkiri ayé jí lọ́jọ́ kan, wọ́n rí i pé kò so mọ́ bí àwọn ṣe tò ó. Ẹni tó háyà ilé tó wá ní kí ìyá òun má wọlé torí kí ilé lè lẹ́wà, bí onílé bá dé ńkọ́?

Lálẹ́ ọjọ́ tí a sin ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́yìn tí àlejò ti tú ká, mo ṣí fóònù mi. Ọmọ náà ti gbé e. Fọ́tò ẹyọ kan, Màmá Oǹdó nínú ìró àti bùbá, lókè pátápátá lọ́wọ́ òsì. Lábẹ́ rẹ̀, ojú ọmọ mi ti túká: etí ọ̀tún ti bọ́ sí apá òsì, gèlè ti ya, igun kan ṣoṣo dá wà nísàlẹ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀wẹ̀nà. Oníbàárà méjì bi í pé ṣé fóònù rẹ̀ bàjẹ́ ni. Ó fi èsì kan náà ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì: "Ìyá mi ló gba ibẹ̀ kọjá."

Lọ́jọ́ kẹrin, ó ti wá fọ́tò Màmá méjì mìíràn rí nínú àpótí ní Oǹdó. Ó gbé wọn sí i, ìlà pé mẹ́ta, gèlè ńlá sì padà so pọ̀ lábẹ́ wọn. Ó pè mí, ó ní, "Dádì, ó mà gbà wá, àwa méjèèjì." Mo ní, "Ó ti lè gbà yín tipẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta tí o fi gbà kí ojú rẹ ya ni n kò ní í gbàgbé."

Ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ parí ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1984, a pe onífọ́tò wá sílé bàbá wa kó ya gbogbo ẹbí. Ọmọ àbúrò bàbá mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko kòkó dé, ẹ̀wù oko wà lọ́rùn rẹ̀. Àwa yòókù ti wọ aṣọ ẹbí. Èmi ni mo sọ fún un pé, "Dúró sí ẹ̀gbẹ́ ná, kí fọ́tò lè gún." Ó rẹ́rìn-ín, ó gba bàtà àwọn ọmọdé dání, ó sì kúrò. Fọ́tò náà gún lóòótọ́. Ó ṣì wà lára ògiri mi títí di òní.

Ọkùnrin náà ti kú. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, ó ní òun ń wá fọ́tò bàbá òun, eyíkéyìí tó bá wà, kí òun lè fi han àwọn ọmọ òun. Mo tú gbogbo ilé. N kò rí ẹyọ kan. Ó wo èyí tó wà lára ògiri títí, ó ń ka ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Kò burú, Bàbá. Ẹ ṣeun."

Ti ọmọ mi ní àtúnṣe: ó wá méjì sí i, ìlà pé. Tèmi kò ní. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ to àwòrán yín kó tóbi, kó dán, kó mú oníbàárà wá. N kò bá yín jà. Kìkì pé bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn tí kò sí nínú títò yín, ẹ jẹ́ kó wọlé, kí ìlà ṣe bó bá ti fẹ́ ṣe.