Iye àti Iyì: Ọ̀rọ̀ lórí Àwọn Aago Tí A Ń Tà ní Gbàǹjo

Ìwọ ọ̀dọ́ òǹkàwé, bí ẹnì kan bá bi ọ́ léèrè pé kí ni iṣẹ́ aago, ìwọ kò ní í ronú pẹ́ kí o tó dá a lóhùn pé iṣẹ́ aago ni láti sọ àkókò fún ènìyàn. Ìdáhùn tí ó tọ́ ni. Bí ẹni náà bá tún bi ọ́ pé aago wo ni ó yẹ kí ó wọ́n jù lọ, ìwọ yóò sọ pé èyí tí ó bá ń sọ àkókò ní òótọ́ jù lọ ni. Ìdáhùn yìí náà bá ọgbọ́n mu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ láyé, ohun tí ó sì fà á tí kò fi rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí èmi pẹ̀lú rẹ jọ yẹ̀ wò.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2017, ní ìlú New York ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n ta aago ọwọ́ kan ní gbàǹjo. Rolex ni aago náà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Daytona. Irin ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe wúrà, kò sì sí òkúta iyebíye kankan lára rẹ̀. Ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀ ni Paul Newman, gbajúmọ̀ òṣèré sinimá tí ó tún fẹ́ràn láti máa fi ọkọ̀ sáré ìje. Ìyàwó rẹ̀, Joanne Woodward, ni ó rà á fún un, ó sì ní kí wọ́n fín ọ̀rọ̀ ṣókí kan sí ẹ̀yìn rẹ̀, pé kí ó máa rọra wa ọkọ̀. Mílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìdíyelé. Kí àwọn ènìyàn tó mí, ẹnì kan lórí tẹlifóònù ti ké mílíọ̀nù 10. Nígbà tí òòlù fi máa dún, lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 12, owó náà ti di mílíọ̀nù 15 àti ààbọ̀, nígbà tí wọ́n sì ro owó ti ilé gbàǹjo mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ dọ́là 17,752,500. Bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí irú aago bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní ìsọ̀ ní ìparí nǹkan bí ọdún 1960 sí 1969, ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan péré ni wọ́n ń tà á. Ojú rẹ̀ tí wọ́n kùn lọ́nà àrà, èyí tí àwọn olówó òde òní ń tìtorí rẹ̀ bá ara wọn díje, kò wu àwọn oníbàárà ìgbà náà rárá, ó sì máa ń pẹ́ lórí àtẹ.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí a bá gbọ́ pé wọ́n ń ta ọjà ní gbàǹjo, ọjà pọ́ọ́kú ni ọkàn wa máa ń lọ sí, ẹni tí ó bá sì ń kọjá lọ yóò yà wò bóyá òun lè rí ohun tí owó òun ká. Gbàǹjo tí mo ń sọ yìí yàtọ̀. Ṣáájú ọjọ́ títà, àwọn tí ó fẹ́ ta ọjà yóò tẹ ìwé kan tí àwòrán aago kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìtàn rẹ̀ àti iye tí wọ́n fojú dá pé yóò mú wá. Ẹni tí ó ni aago lè ti bá wọn ṣe àdéhùn ní ìkọ̀kọ̀ lórí iye tí kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ jù. Ní ọjọ́ náà, olùtajà yóò dúró lórí pèpéle pẹ̀lú òòlù kékeré lọ́wọ́, àwọn kan yóò jókòó níwájú rẹ̀, àwọn mìíràn yóò sì máa gba ẹnu òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù láti ọ̀nà jíjìn. Bí ẹnì kan bá dá iye kan, ẹlòmíràn yóò fi kún un, títí yóò fi ku ẹnì kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò lè bá du ohun náà mọ́.

Ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ọmọ mi. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó fẹ́ aago Newman lọ́jọ́ náà, kò sí ohun tí ìbá mú un san ju iye tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lọ, bí ó ti wù kí ìfẹ́ rẹ̀ sí i pọ̀ tó. Ẹnì kejì, ẹni tí ó ń fi owó lé owó títí agara fi dá a, tí ó sì pa dà sílé lọ́wọ́ òfo, òun gan-an ni ó gbé iye aago náà gòkè. Ẹni tí kò rí i rà ni ó dá iye lé e! Nítorí náà, nígbà tí ìwé ìròyìn bá kọ ọ́ pé aago kan tó mílíọ̀nù 17 dọ́là, wọn kò tíì sọ ohunkóhun fún wa nípa aago náà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ní ọjọ́ kan báyìí, ènìyàn méjì ni ọkàn wọn fà sí ohun kan náà, tí owó sì wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Èyí ni mò ń pè ní iye. Ohun tí mò ń pè ní iyì kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Má sì ṣe rò pé àkókò ni wọ́n ń rà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejìlá ọdún 1969, ilé iṣẹ́ Seiko ní ilẹ̀ Japan gbé aago ọwọ́ kan jáde tí ó ń fi bátìrì àti ẹ̀là òkúta tí wọ́n ń pè ní quartz ṣiṣẹ́. Bí agbára bátìrì bá ti kan òkúta náà, yóò máa gbọ̀n, gbígbọ̀n rẹ̀ kì í sì í yára jù tàbí kí ó falẹ̀ jù. Aago àtijọ́ tí ó ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ká ṣiṣẹ́ lè fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin tàbí márùn-ún yẹ̀ lójúmọ́, kí àwọn tí ó ṣe é sì máa fi yangàn. Aago quartz lásán kì í sábà fi ju nǹkan bí 15 yẹ̀ láàárín oṣù kan gbáko. Bí irú aago yìí ti ń pọ̀ tí owó rẹ̀ sì ń já wálẹ̀, ìyà jẹ àwọn aṣeago ilẹ̀ Switzerland: àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n tó nǹkan bí 90,000 ní ọdún 1970 dín kù di nǹkan bí 30,000 kí ọdún 15 tó pé. Nítorí náà aago wẹ́ẹ́rẹ́ tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan rà ní ọjà Dùgbẹ̀ lè máa sọ òtítọ́ ju ti Newman lọ, tẹlifóònù alágbèéká tí ó wà lápò bàbá rẹ sì ń sọ òtítọ́ ju méjèèjì lọ. Bí ó bá jẹ́ ti àkókò nìkan ni, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa du aago àtijọ́ mọ́ láti ìgbà náà. Síbẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà tí a kò nílò wọn mọ́ gan-an ni owó wọn wá ń ga sí i.

Kí wá ni wọ́n ń rà? Ìdáhùn kan ni iṣẹ́ ọwọ́, n kò sì ní í fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọdún 1925, Henry Graves, ọlọ́rọ̀ oníbáńkì kan ní New York, bẹ ilé iṣẹ́ Patek Philippe ní ìlú Geneva pé kí wọ́n ṣe aago àpò kan fún òun tí irú rẹ̀ kò sí. Ọdún 1933 ni wọ́n tó gbé e fún un. Oríṣi iṣẹ́ 24 ni aago náà ń ṣe. Ó ń sọ bí òṣùpá ti ń lé àti bí ó ti ń wọ̀ọ̀kùn, ó ń lu agogo bí ti ilé ìṣọ́ ńlá, ó ń fi ìgbà tí oòrùn yóò yọ àti ìgbà tí yóò wọ̀ hàn, ó sì ń fi ìràwọ̀ ojú ọ̀run hàn bí wọn ti rí lálẹ́ láti ìlú New York. Kò sí kọ̀ǹpútà tí ó bá àwọn ènìyàn náà ṣe ìṣirò. Ọpọlọ àti ìka ọwọ́ ni wọ́n lò, pẹ̀lú sùúrù tí ó lé ní ọdún méje. Lójú tèmi, iyì wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá dá kọ́bọ̀ lé e. Iyì náà wọ inú rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe é, ó sì ti pé kí a tó gbé e dé gbàǹjo kankan.

Iye rẹ̀ ni kò dúró lójú kan. Ní ọdún 1999 wọ́n tà á ní mílíọ̀nù 11 dọ́là. Ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2014, wọ́n tún tà á ní Geneva, ó sì lé ní mílíọ̀nù 23 fráǹkì ilẹ̀ Switzerland. Ẹni tí ó rà á lákọ̀ọ́kọ́ nínú ìgbà méjèèjì ni Sheikh Saud bin Mohammed Al Thani, ọmọ ìdílé tí ń jọba ní Qatar. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà ni ó jáde láyé, ọjọ́ méjì péré ṣáájú gbàǹjo. N kò sọ èyí láti fi ikú dẹ́rù bà ọ́. Mo kàn ń ronú pé nínú iṣẹ́ 24 tí aago náà mọ̀ ọ́n ṣe, kò sí èyí tí ó lè sọ ìgbà tí oòrùn ẹni tí ó ni ín yóò wọ̀.

Ìdáhùn kejì ni ìtàn. Ní ọdún 1984, Newman bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin pé aago mélòó ni ó lù. Èyí ní òun kò ní aago. Newman bọ́ ti ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi fún un. Kí ni ó sọ irin yẹn di mílíọ̀nù, bí kò ṣe pé ọwọ́ Newman ni ó wà rí, tí ìyàwó rẹ̀ sì fín ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí i? Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ra ìtàn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé a lè pa ìtàn pọ̀. Ní ọdún 2021, wọ́n ta Omega Speedmaster àtijọ́ kan ní Geneva. Ojú rẹ̀ tí ó dúdú tẹ́lẹ̀ ti ṣá di àwọ̀ ilẹ̀, àbùkù yìí ni àwọn tí ń kó aago jọ sì kà sí ẹwà. Iye tí wọ́n fojú dá fún un kò ju 120,000 fráǹkì lọ, ṣùgbọ́n ó lọ ní 3,115,500. Àwọn ará Omega fúnra wọn ni wọ́n rà á fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn. Ní ọdún 2023, àwọn kan náà ni wọ́n kéde pé àwọn oníjìbìtì ni wọ́n kó ẹ̀yà ara aago oríṣiríṣi jọ tí wọ́n fi to ó. Wò ó: aago náà kò yí padà láàárín ọdún méjì yẹn. Àwọ̀ rẹ̀ ṣì wà bẹ́ẹ̀, ó ṣì ń rìn. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ojú rí ni wọ́n rà, a kò rẹ́ wọn jẹ. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni wọ́n san owó fún, òtítọ́ náà ni kò sì sí níbẹ̀. Mo fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí, nítorí ó fi hàn pé àwọn tí ó ní owó jù lọ pàápàá mọ̀ nínú ọkàn wọn pé ohun tí a kò lè fọwọ́ kàn ni wọ́n ń wá.

Mo mọ ohun tí ó ti ń rú nínú rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwọ ń ka iye ilé ẹ̀kọ́ tí a lè fi mílíọ̀nù 17 dọ́là kọ́. Ìbéèrè rẹ tọ́, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rín pa á mọ́ ọ lẹ́nu. Àwọn kan yóò dá ọ lóhùn pé owó náà kò jóná, pé ó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ni. Wọn yóò ní ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 2019, aago Patek Philippe kan tí wọ́n fi irin ṣe mú mílíọ̀nù 31 fráǹkì wá ní gbàǹjo Only Watch ní Geneva, àti pé ìwádìí lórí àrùn kan tí ń sọ iṣan ara àwọn ọmọdé di aláìlágbára ni owó náà wà fún. Òtítọ́ ni. Àwọn àgbà wa náà sọ pé ohun tí ó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni, ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá ní kí ọlọ́rọ̀ New York fi aago sílẹ̀ kí ó kọ́ ilé ìwòsàn, kí òun náà múra láti gbọ́ ohun tí aládùúgbò rẹ̀ yóò sọ nípa aṣọ ẹbí tí ó rà lóṣù tó kọjá. N kò fi èyí dá ọlọ́rọ̀ náà láre o! Ẹni tí a fi púpọ̀ sí lọ́wọ́ ní ìdáhùn púpọ̀ láti fún ọmọnìkejì rẹ̀, ẹni tí ó sì jẹ́ pé gbàǹjo nìkan ni ó lè mú kí ó ṣàánú ọmọ tí ń ṣàìsàn, àánú rẹ̀ kò tíì dàgbà. Ohun tí mò ń sọ ni pé a kò lè fi òṣùwọ̀n kan wọn olówó kí a fi òmíràn wọn ara wa.

Láàárín ọdún tí mo fi ṣe olùkọ́, mo ti rí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó so aago tí ó ti kú mọ́ ọwọ́, tí ó ń ká apá aṣọ sókè kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè rí i. Bí o bá bi í pé aago mélòó ni ó lù, yóò wo ojú oòrùn. A máa ń fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn aago olówó gọbọi tí a ń sọ yìí, inú àpótí irin ni wọ́n ń gbé, a kì í yí wọn, wọn kì í sì í rìn. Aago tí ó ti kú náà ni wọ́n. Ọmọ yẹn àti ẹni tí ó san mílíọ̀nù jọ ń retí pé ohun tí a so mọ́ ọwọ́ yóò fi iyì kún ẹni tí ó so ó. Ibi tí mo rò pé àṣìṣe wà nìyí. Iyì lè ti ọwọ́ oníṣẹ́ wọ inú aago, ó lè ti ara ẹni tí ó lò ó wọ̀ ọ́. Bí ó ṣe lè ti inú aago pa dà sínú ènìyàn, n kò tíì rí i.

Ní ọdún 2024, ilé gbàǹjo kan ní Devizes, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ta aago wúrà méjì. Ọ̀kan jẹ́ ti John Jacob Astor, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́rọ̀ jù lọ láyé ìgbà rẹ̀, tí ó bá ọkọ̀ Titanic lọ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1912. Wọ́n bá aago náà lára òkú rẹ̀. Pọ́ùn 1,175,000 ni wọ́n tà á ní oṣù kẹrin. Èkejì jẹ́ ti Arthur Rostron, ọ̀gá ọkọ̀ Carpathia, tí ó gba àárín yìnyín kọjá ní òru náà láti lọ kó àwọn tí ó kù. Opó mẹ́ta, tí ìyàwó Astor jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ni wọ́n fi aago náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n ta tirẹ̀ ní pọ́ùn 1,560,000.

Ó lè wù ọ́ láti sọ pé, ẹ wò ó, ọjà pàápàá mọ iyì, ó fi ti olùgbàlà ga ju ti ọlọ́rọ̀ lọ. Má ṣe yára. Bí ẹnì kejì bá ti tètè dákẹ́ ní oṣù kọkànlá yẹn, ti Rostron ìbá kéré. Nígbà tí ó yí orí ọkọ̀ rẹ̀ padà lóru, kò sí ẹni tí ó ṣèlérí aago fún un. Àwọn tí ó kó jáde nínú òtútù lé ní 700, bí aago náà bá sì bọ́ sínú òkun lónìí, iye wọn kò ní í fi ẹyọ kan dín.