Ẹni Tó Gba Iṣẹ́ Odò

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìbéèrè kan ni mo gbé wá lónìí, mo sì mọ̀ pé àwọn kan máa fi ṣe ẹ̀rín. Tí èèyàn bá ń sin ẹja sẹ́yìnkùlé, tó sì jẹ́ pé pípa ló máa pa á gbẹ̀yìn, ṣé ẹja yẹn ní ẹ̀tọ́ kankan lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọjọ́ ọ̀bẹ tó pé? Ọ̀rẹ́ mi kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ti dá mi lóhùn kí n tó sọ ọ́ tán. Ó ní, "Ẹ̀tọ́ wo? Ẹ̀tọ́ ẹja ni ata, alùbọ́sà àti ewé efinrin." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dénú, torí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí.

Ilé wa wà ní Ìgàndó. Ẹni tó bá mọ Alímòṣọ́ dáadáa, láti Ìkọ̀tún dé Ẹ̀gbẹ́dá, á mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé níbẹ̀ kì í ṣe ibi ìṣeré. Ibẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ wà, ibẹ̀ ni adìyẹ ń sùn, ibẹ̀ náà ni ìyá mi gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ewúro àti igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì sí. Láàárín ọgbà kékeré yìí ló ní kí bíríkìlà mọ pọ́ǹdù kan fún òun, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10, ó fẹ̀ tó 6. Ó ra ọmọ ẹja àrọ̀ 150 sí i. Àwọn míì ládùúgbò ń lo tapólì tí wọ́n fi pákó gbé dúró, àwọn míì ń lo táńkì oníke tí wọ́n gé lórí. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wá: lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 6, tí oúnjẹ bá dáa tí omi sì mọ́, àrọ̀ kan lè wọn kílò 1, àwọn tó ń ta pẹpẹ súùpù ò sì yéé wá a.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa àrọ̀ ná, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́. Kò ní ìpẹ́, ó ní irùngbọ̀n bí àlùfáà. Yàtọ̀ sí ibi tí gbogbo ẹja fi ń mí, Ọlọ́run tún fi nǹkan kan sí i lẹ́yìn ibẹ̀ tó pẹ̀ka bí igi kékeré, òun ló fi ń mí irú afẹ́fẹ́ tí àwa náà ń mí. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń yọ orí sókè, á gbé afẹ́fẹ́ mì, á tún wọlé lọ. Ìdí nìyẹn tó fi lè wà nínú bàsíà ìyá ẹlẹ́ja lọ́jà Ìkọ̀tún láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, nínú omi tí kò bo ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ibi tó wà bá ń gbẹ, ó lè fi ìyẹ́ àyà rẹ̀ wọ́ lórí ilẹ̀ tútù lóru lọ wá omi míì. Ẹpíyà ò jẹ́ dán an wò. Àwọn àgbà ní orí lẹja fi ń la ibú, a sì ń gbé ẹja kalẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Tí ẹja kan bá lórí lóòótọ́, àrọ̀ ni.

Líle ara rẹ̀ yìí ló sì tàn mí jẹ.

Mo wà ní 200 level nígbà náà. Ìyá mi fẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú fún ìsìnkú, ọjọ́ márùn-ún. Ó pè mí sẹ́yìnkùlé, ó ní, "Gbọ́ mi o. Lọ́jọ́ kejì, fa omi yìí dé ìdajì, kó o sì fún wọn ní tuntun. Má fún wọn lóúnjẹ jù." Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, mà." Ni NEPA bá mú iná lọ. Pọ́ǹpù bọ́ọ̀họ́ọ̀lù wa ò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná. Epo díẹ̀ wà nínú jẹnẹrétọ̀, kí n má parọ́, epo yẹn ni mo fi wo bọ́ọ̀lù lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta mo ní tẹ́ẹ̀sì. Mo wo pọ́ǹdù, mo rí i pé omi ti ń dúdú, mo ní, àrọ̀ ṣáà ni, kí ló máa pa á? Àánú wọn wá ṣe mí. Ẹ wá wo irú àánú yẹn: mo da oúnjẹ ìlọ́po méjì sí i, kí wọ́n lè fi rẹ ara wọn lẹ́kún.

Òórùn ló jí mi ní ọjọ́ kẹrin. Wọ́n dúró gbọọrọ nínú omi, orí lókè, ìrù nísàlẹ̀, wọn ò lọ sísàlẹ̀ mọ́. Àwọn kan ti dojú ikùn sókè. Ìgbà tó fi máa dìrọ̀lẹ́, 43 ti kú.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Oúnjẹ tí wọn ò jẹ tán, pẹ̀lú ìgbẹ́ àti ìtọ̀ wọn, ń sọ omi di májèlé, ammonia ni wọ́n ń pè é, irú òórùn ilé ìtọ̀ tí wọn kì í fọ̀ yẹn gan-an. Ó ń jó wọn lára, ó ń jó ibi tí wọ́n fi ń mí. Àrọ̀ lè yọ orí gba afẹ́fẹ́ lókè, òótọ́ ni, àmọ́ ara rẹ̀ ṣì wà nínú májèlé náà. Ẹpíyà ì bá ti kú ní ọjọ́ kejì, mi ò bá tètè mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ti àrọ̀, ẹ̀mí líle rẹ̀ kàn jẹ́ kí ìyà rẹ̀ pẹ́ ni.

Nígbà tí ìyá mi dé, mo ti múra ìbínú rẹ̀ sílẹ̀. Kò pariwo. Ó gbé àga jókòó síbi pọ́ǹdù, ó ní, "Ká ní odò ni wọ́n wà, wọn ì bá ti lọ. Níbí, ibo lo fẹ́ kí wọ́n gbà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń gbé kiri láti ìgbà náà. Ẹ wò ó, apẹja tó na àwọ̀n sínú ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ tàbí ní Bàdágìrì ò jẹ ẹja ní gbèsè púpọ̀. Kó pa á kíákíá, ó tán. Òun kọ́ ló fún un lómi, òun kọ́ ló sì dí ọ̀nà mọ́ ọn. Odò ló ń ṣe gbogbo ìyẹn: odò ń gbé ìdọ̀tí lọ, ń gbé omi tuntun wá, tí ibì kan bá bàjẹ́ ẹja á kọjá síbòmíì. Ẹni tó bá wá fi búlọ́ọ̀kù ká ẹja mọ́, iṣẹ́ odò ló gbà ṣe yẹn, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Odò kì í sì í lọ ìsìnkú, kì í ní tẹ́ẹ̀sì, kì í wo bọ́ọ̀lù. Èmi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú jíjẹ ẹja, mo sì jẹ ẹ́ lánàá. Ọ̀bẹ á gba ìṣẹ́jú kan. Oṣù mẹ́fà tó ṣáájú ọ̀bẹ ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹnì kan máa ní, "Ṣé ẹja tiẹ̀ ń mọ nǹkan lára ni?" Ní ọdún 2003, Lynne Sneddon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Scotland fi oró oyin àti omi kíkan bíi fínígà sí ètè ẹja trout. Àwọn ẹja yẹn pa oúnjẹ tì fún wákàtí mélòó kan, èémí wọn yá, àwọn kan ń fi ètè ha òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ táńkì. Àwọn onímọ̀ kan ṣì ń jiyàn bóyá ìrora tiwa nìyẹn. Síbẹ̀ òfin tí ìjọba Bìrìtìkó ṣe ní 2022 ka ẹja mọ́ àwọn ẹ̀dá tó ń mọ nǹkan lára. Tiwa tiẹ̀ ti wà tipẹ́: ẹni tó bá máa fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Kò sẹ́ni tó ní ká dúró de èsì ìwádìí kí á tó gún ara wa wò.

Mo tún rántí Òṣogbo. Ìtàn ibẹ̀ sọ pé nígbà tí Láróòyè bá Ọ̀ṣun mulẹ̀, ẹja ńlá kan jáde láti inú odò, ọba sì tẹ́wọ́ gbà á. Ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ oyè Àtáója ti wá, A-tẹ́wọ́-gba-ẹja. Títí dòní wọn kì í pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun, èyí tí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005. Àmọ́ ará Òṣogbo ń jẹ ẹja nílé o, wọ́n ń rà á lọ́jà bíi tiwa. Mo rò ó títí, mi ò rí àtakò níbẹ̀. Ẹja ọjà àti ẹja inú àdéhùn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ohun tí mo wá ń sọ ni pé ẹja ẹ̀yìnkùlé náà wà nínú àdéhùn, kódà tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Ibi tó le wá rèé. Lẹ́yìn ikú ẹja yẹn, ìtara mú mi. Mo ń yí omi pọ́ǹdù lọ́jọ́ kejì kejì, mo ń fa èyí tó ń rùn sí gọ́tà. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan ládùúgbò dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì méjì àti ọmọ lẹ́yìn. Ìgbà náà, ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí omi ti wọ́n ní òpópónà wa. Ó wo omi mímọ́ tó ń dà wàà sínú pọ́ǹdù, ó wo gọ́tà tó ń rùn níwájú ilé tirẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja yín mà ń gbádùn jù wá lọ." Kò bú mi. Èébú ì bá sàn.

Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ẹja ní ẹ̀tọ́? Níwájú ọmọ tó wà lẹ́yìn yẹn? Mo lọ bá ìyá mi, mo ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká tà wọ́n ní kékeré báyìí." Ó ní rárá, ó ní àṣìṣe wa kò sí nínú omi tí à ń fún wọn, iye tá a rà ni. Ọjọ́ tó ka ọmọ ẹja 150 sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lóun ti jẹ gbèsè omi tí òun ò ní. Láti ìgbà yẹn, 60 ló ń sìn. Tá a bá tan pọ́ǹpù, àwọn aládùúgbò tó ní kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ ló ń kọ́kọ́ pọn, ẹja ló ń kẹ́yìn. Omi ìdọ̀tí ò dé gọ́tà mọ́, ìdí ẹ̀fọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ là ń dà á sí, tẹ̀tẹ̀ wa sì ń tutù yọ̀yọ̀ bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á lára. Owó tó ń wọlé dín kù, mi ò ní sọ pé kò dùn wá. Owó ìwé mi wà nínú rẹ̀.

A tún ń ṣà wọ́n lóṣooṣù, èyí tó bá ti tóbi ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ á lọ sínú ike tirẹ̀, torí ẹja ń gbé ẹja mì, àrọ̀ pàápàá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí ló kàn mí nínú ìyẹn, ṣebí ìwà wọn ni. Ìwà wọn ni lóòótọ́. Àmọ́ nínú odò, ọmọ kékeré ní koríko tó lè sá sí.

Ti pípa náà kù. Ní ibi "point and kill" kan tí wọ́n mú mi lọ, oníbàárà nawọ́ sí ẹja, ọmọ kan gbé e jáde, ó bu iyọ̀ lé e lára láàyè kí yíyọ̀ rẹ̀ lè kúrò, ó sì lọ gba ìbéèrè tábìlì míì nígbà tí ẹja ń jà nínú bàsíà. Ìka ni oníbàárà nà o, ìka lásán. Nílé wa, a ń fi igi lu orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan gbọin kí iyọ̀ tó kàn án. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ọbẹ̀ náà ò sì yàtọ̀ lẹ́nu.

Ọ̀rẹ́ mi tó sọ̀rọ̀ ewé efinrin yẹn bá mi délé ní Sátidé tó kọjá. Mo ti rò pé á tún máa ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó bá mi fa omi, ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù pọ́ǹdù, ó ń wo àwọn irùngbọ̀n tó ń yọ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Tó o bá wà ní skúùlù, ta ló ń ṣe gbogbo wàhálà yìí?" Mo ní ìyá mi ni. Ó ní, "Ìgbà tí wọ́n bá wá lọ sí Ìjẹ̀bú ńkọ́?"

Mi ò tíì dá a lóhùn. Ìsìnkú míì wà ní oṣù tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ ìdánwò sì ni.