Igi Gogoro Àgbàbù

Yorùbá ní, "Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó." Ìkìlọ̀ yìí, pé kí a rí ewu kí ó tó dé, kan ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó gan-an.

Bitumen, ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì, wà lábẹ́ ilẹ̀ Àgbàbù, kò jìnnà sí Òkìtìpupa. Nigerian Bitumen Corporation bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga kiri agbègbè náà ní 1908, ogun àgbáyé àkọ́kọ́ sì dá iṣẹ́ dúró ní 1914. Wọ́n lọ, kànga kù, ọ̀dà sì ń ṣàn jáde.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1992 pàṣẹ pé kí wọ́n yẹ ipa tí iṣẹ́ ńlá yóò ní lórí ilẹ̀ àti omi wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Òfin ìwakùsà ti 2007 ní kí awakùsà bá ará ìlú ṣàdéhùn, kí ó sì tún ilẹ̀ ṣe.

Àwọn ará Ìlàjẹ tó wà létí òkun mọ ohun tí àìrí-ewu-ṣáájú ń fà: ní oṣù Karùn-ún 2020, kànga epo Ororo-1 gbiná lójú òkun, ó sì jó fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ̀yin ọba, ìjòyè àti ọ̀dọ́ Ìkálẹ̀, ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò ipa lórí ilẹ̀ àti omi tí òfin 1992 pàṣẹ kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn bitumen kankan.