Ìbọn Olówó Ńlá, Ọta Kan Náà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé ẹlòmíì máa rí àkọlé yìí, á ní kí ló kan ọmọ yunifásítì nínú ọ̀rọ̀ ìbọn. Ẹ fara balẹ̀ ná. Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi yín ju ti ìbọn lọ. Ó rí báyìí: bí nǹkan méjì bá ń ṣe iṣẹ́ kan náà, tí ọ̀kan wá wọ́n ju ìkejì lọ ní ìlọ́po márùn-ún, kí gan-an lèèyàn ń fi owó tó lé yẹn rà? Mo lè fi bàtà tàbí fóònù wò ó, àmọ́ ìbọn ni mo mú, torí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wà nínú tiẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí bá sì ti wọ̀ ọ́, a kì í fẹ́ bi ara wa ní ìbéèrè mọ́.

Ìbọn tí mò ń wí ni èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní pistol-caliber carbine. PCC ni wọ́n ń gé e kúrú sí. Ìbọn gígùn ni, ìdí rẹ̀ ń ti èjìká ẹni tó ń yìn ín, ṣùgbọ́n ọta ìbọn ìléwọ́ ló ń lò, pàápàá 9mm. Èrò náà ti pẹ́. Lọ́dún 1873, ilé-iṣẹ́ Winchester gbé ìbọn gígùn kan jáde tó ń lo ọta .44-40. Nígbà tó di 1878, Colt ṣe ìbọn ìléwọ́ tó ń lo ọta yẹn kan náà. Ẹni tó ń gẹṣin kiri aginjù wá lè kó irú ọta kan ṣoṣo sápò, kó fi bọ́ ìbọn méjì. Ọgbọ́n ìṣọ́wóná ló bí ìbọn yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Lónìí ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, Hi-Point 995 wà tí owó rẹ̀ kì í sábà tó 400 dọ́là. Ruger PC Carbine wà, tó jáde ní ìparí ọdún 2017, nǹkan bí 600 sí 700 dọ́là. Lẹ́yìn náà ni SP5 ti Heckler & Koch, àwọn ará Jámánì. Àbúrò MP5 ni, ìbọn táwọn ọlọ́pàá àti ọmọ ogun oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti ń lò láti bí ọdún 1966. Tiẹ̀ lè tó 3,000 dọ́là, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó ya èèyàn lẹ́nu ni pé SP5 kì í bá ìdí tó ń ti èjìká wá. Torí pé kò ní ìdí yẹn, ìbọn ìléwọ́ ni lójú òfin, irin ẹnu rẹ̀ ò sì tó ínṣì 16. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìdí sí i gbọ́dọ̀ lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 1934 ṣe là á sílẹ̀. 200 dọ́là ni owó orí rẹ̀ láti 1934 títí di ìparí 2025. Ní January 2026 ni wọ́n sọ ọ́ di òdo, ṣùgbọ́n ìforúkọsílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí rèé. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan ní Texas. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ méjì ló máa ń fi sílẹ̀ nílé. Àwọn olè ti ya ilé méjì ládùúgbò wọn. Ó pè mí, ó ní òun ti ń tọ́jú owó láti ra SP5. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ má bínú o, kí ló fẹ́ ṣe tí ti 600 ò lè ṣe?" Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀mí ò láàrọ̀. Ṣé wàá wọ dánfó tí bíréèkì ẹ̀ ò mú, torí pé owó ẹ̀ wálẹ̀?" Mi ò fèsì lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì ní ìdí. Àmọ́ mo ti rò ó síwá sẹ́yìn láti ìgbà náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún owó ńlá, torí pé kì í ṣe orúkọ nìkan ni wọ́n ń tà. Nínú èyí tó pọ́ọ́kú, kò sí ohun tó ti irin ẹ̀yìn ọta pa. Ìwúwo irin yẹn àti sípíríńgì ló ń dá agbára ẹ̀tù dúró. Torí náà irin ọ̀hún ní láti wúwo, bó bá sì sáré padà sẹ́yìn, èjìká á mọ̀. Nínú ti àwọn ará Jámánì, irin róbótó kékeré méjì ló ń dá a dúró díẹ̀ kó tó padà, ìbọn náà á sì rọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó ń yìn ín yóò tètè rí ojú àmì rẹ̀ padà. Fún àwọn tó ń bá ara wọn díje, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Láti 2016 ni ẹgbẹ́ USPSA ti fún irú ìbọn yìí ní ìpele tirẹ̀ nínú ìdíje. Ẹni tó ń lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ìṣẹ́jú àáyá ń jẹ ẹ́ níyà, bó bá ra olówó ńlá, mi ò rí ohun tí mo fẹ́ bá a wí. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ṣùgbọ́n olè tó dé láàárín òru ńkọ́? Àwọn àgbà ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́: ìbọn ní apátí, ìbọn ò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú ẹ̀ kọ òun? Ọta 9mm ò mọ iye tí wọ́n ra ìbọn tó ti ẹnu ẹ̀ jáde. Kódà, bí irin ẹnu bá ṣe gùn tó ni ọta yìí ṣe máa ń yára sí i díẹ̀. SP5 olówó ńlá, tí irin ẹnu ẹ̀ ò tó ínṣì 9, kò lè fi eré ju Hi-Point tí tiẹ̀ lé ní 16.

Ó ku ọ̀rọ̀ bíréèkì. Òótọ́ ni, bíréèkì tí kò mú, ikú ni. Ìbọn tó pọ́ọ́kú jù lè há nígbà tí wọ́n nílò ẹ̀, torí náà mi ò ní kẹ́nikẹ́ni ra èyí tí kò tíì dán wò. Àmọ́ bíréèkì ní ibi tó ti tó. Bó bá ti mú, ó ti mú nìyẹn. Ká wá fi wúrà bò ó, ọkọ̀ ò ní torí ìyẹn tètè dúró. Ìbọn 600 dọ́là tí wọ́n ti yìn ní ẹ̀ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta ìgbà láì há ti kọjá ẹnu ibodè yẹn. Owó tó kù, tó tó 2,400 dọ́là, lè ra nǹkan bí 8,000 ọta bí ọ̀kan bá jẹ́ ọgbọ̀n sẹ́ńtì. Ẹni tó fi ọta tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kọ́ṣẹ́ á mọ ìbọn tirẹ̀ lọ ju ẹni tó ra SP5 tó gbé e kọ́ sára ògiri.

Ibi tó le jù ni "ẹ̀mí ò láàrọ̀." Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò mọ ibi tí yóò dúró sí. Bó bá dá 3,000 láre lónìí, á dá 10,000 láre lọ́la, torí pé 10,000 pàápàá ò tó ẹ̀mí. Ọ̀rọ̀ tó lè dá gbogbo iye láre ò tíì sọ iye kankan fún wa. Ìkejì ni pé owó kì í já bọ́ láti ọ̀run. Ara owó tí ẹ̀gbọ́n mi ń tọ́jú yẹn ló fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá wa, ara ẹ̀ náà ló fi ń san owó ilé-ìwé àbúrò mi. Ẹ̀mí ìyá wa náà ò láàrọ̀. Ẹni tó bá fi ẹ̀mí ṣe òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ ka gbogbo ẹ̀mí tó wà nídìí owó náà, kó má ka tirẹ̀ nìkan.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Lọ́dún 2021, ìbọn pa 48,830 èèyàn ní Amẹ́ríkà. 26,328 nínú wọn ló fọwọ́ ara wọn pa ara wọn. Ìyẹn ju ìdajì lọ. A ń ṣọ́ olè lẹ́nu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ìbànújẹ́ lè ti wà nínú yàrá. Bí ẹ̀rù ẹ̀mí ló ń ba èèyàn lóòótọ́, àpótí onírin tó ní kọ́kọ́rọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ ná owó lé lórí, pàápàá níbi tí ọmọdé bá wà. Mi ò tíì rí ẹni tó ń fi àpótí yangàn fún ọ̀rẹ́, bóyá ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi máa ń gbàgbé ẹ̀.

Ṣé mo wá ń sọ pé kéèyàn má ra ohun tó wù ú? Rárá o. Ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ológún ẹrú kú, aṣọ ẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Irin tí wọ́n rọ dáadáa dùn ún wò, ó dùn ún dì mú. Ẹni tó jẹun yó, tó ti gbọ́ bùkátà ilé, tó wá ní "ó wù mí ni," òótọ́ ló sọ, mi ò ní bá a jà. Ẹni tó ń gbé ìfẹ́ ọkàn ẹ̀ wọ ẹ̀wù àìní ni mò ń bá wí. Ìfẹ́ mọ ìwọ̀n, torí olúwa ẹ̀ mọ̀ pé ìfẹ́ ni, ó lè ní kó dúró dọdún tó ń bọ̀. Àmọ́ bó bá ti pè é ní àìní, ta ló láyà láti ní kí àìní dúró?

Nítorí náà, ìdáhùn mi rèé. Fún eléré ìdíje, ó tó bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tó wù, tí owó ẹ̀ sì ká a, kó rà á, kó pè é ní ohun tó jẹ́. Fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà, kò tó bẹ́ẹ̀, torí pé ẹ̀rù ò sí lára ohun tí wọ́n ń fi owó tó lé yẹn tún ṣe. Ọgbọ́n ìṣọ́wóná ọdún 1878 ṣì dára fún un: kó ra èyí tó ń ṣiṣẹ́, kó kọ́ ọ dáadáa, kó tì í pa.

Àwa tí a ò ní ra ìbọn láyé wa ńkọ́? Ẹ wo fóònù tó wà lápò yín, àti èyí tí ojú yín wà lára ẹ̀. Nígbà tí ẹ máa bá bàbá yín sọ ọ́ lọ́ṣẹ̀ tó ń bọ̀, ṣé "ó wù mí" lẹ máa sọ, àbí "mo nílò ẹ̀ fún ìwé kíkà"?