Ta ló ni orin Fẹlá Ṣówándé?

Bí a bá dárúkọ Fẹlá láàrin wa, Aníkúlápó ni ọkàn gbogbo ènìyàn ń lọ sí. Fẹlá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń tẹ dùùrù ní Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó bí tiyẹn.

Ní 1905 ni wọ́n bí Fẹlá Ṣówándé. Ó kọrin ní Kàtídírà Èkó lábẹ́ T. K. E. Phillips, ẹni tí ó jẹ́ olórí onídùùrù níbẹ̀ láti 1914 títí di 1962. Láyé ìgbà náà, ohùn orin òyìnbó ni a ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí nínú àwọn ìjọ wa. Orin a máa gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kí ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kọrin nípa ọkọ̀ Nóà lè máa pariwo ọkọ Nóà! Phillips wà lára àwọn tí ó takú pé ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀.

Ní 1934 Ṣówándé lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n orin ni ó gbà á mọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Jáàsì ni ó kọ́kọ́ ń fi jẹun. Ní 1943 ó gba FRCO, oyè ńlá àwọn onídùùrù. Ní 1944 ó kọ African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn.

Àgbà kan sọ níbi ìkómọjáde pé òun kò rí ohun tí ó jẹ́ ti Yorùbá nínú irú orin bẹ́ẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè pé, “Bàbá, gìtá tí wọ́n fi ń kọ jùjú, igbó Ìjẹ̀bú wo ni wọ́n ti gé e?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, etí tí ó wà lẹ́yìn ọwọ́ ni kí a yẹ̀ wò, kì í ṣe igi tí ọwọ́ mú.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò jẹ́ kí n lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, “Ta ní ń gbọ́ ọ nínú wa?” Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, nítorí òtítọ́ ni. “Akinla”, apá tí ó kẹ́yìn African Suite, ni rédíò CBC ní Kánádà fi ń ṣí ètò Gilmour's Albums, èyí tí wọ́n ṣe láti 1956 sí 1997. Àwọn ará Kánádà mọ ohùn náà dunjú. Ẹ bi ọmọ Ẹ̀gbá kan wò. Òun náà ni ó kọ Folk Symphony fún òmìnira Nàìjíríà ní 1960. Ní Ravenna, ìpínlẹ̀ Ohio, ni ó kú sí ní 1987.

Orin wa, lílé àti ègbè ni. Ṣówándé ti dá lílé. Ègbè ni kò sí. Mo gbà pé díẹ̀ nínú ẹ̀bi náà jẹ́ tirẹ̀, nítorí gbọ̀ngàn ńlá àti agbo onífáólìn kò pọ̀ nílé. Àwa tí a wà lókè òkun yìí ńkọ́, tí gbọ̀ngàn wà ní ìtòsí wa, tí a sì ń sanwó kí ọmọ lè mọ fáólìn í ta? Olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọmọ mi ní dùùrù kò gbọ́ orúkọ Ṣówándé rí. N kò lè bá a wí. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbé ọmọ lọ síbẹ̀, èmi náà kò sì dárúkọ rẹ̀ fún un.